Èèpo ọsàn tí mo fi dáná láàárọ̀ yìí

Ara mi ò balẹ̀ látàárọ̀. Èèpo ọsàn ló fà á.

Mo wá kí màmá mi ní Arámọkọ. Bí mo ṣe fẹ́ dáná iṣu, mo rí èèpo ọsàn gbígbẹ lórí atẹ. Ta ni ò mọ̀ pé òun la fi ń dáná nílé wa? Mo kó o sí ààrò.

Màmá figbe ta: "Háà! Oògùn mi lò ń sun yẹn!"

"Oògùn kí ni, mà?"

"Oògùn tó ń yọ́ ọ̀rá ni. Mo ń sè é mu. Aṣọ tí mo fi ń ṣe tíṣà nígbà tí Èkìtì ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó, ó gbọ́dọ̀ tún wọ̀ mí."

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó yá ni mo rí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn lójú fèrèsé, tí wọn ò fọwọ́ kàn án láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

"Ẹ ò mu èyí mọ́?"

"Kí ni mo tún fẹ́ fi ṣe? Èèpo ọsàn ti tó."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

Màmá na fóònù wọn sí mi. Orúkọ mi ló wà níbẹ̀! Èmi ni mo fi fídíò kan tó ní èèpo ọsàn ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì ń yọ́ ọ̀rá, ránṣẹ́ sí wọn. Èmi gan-an ò wò ó dé ìdajì.

Mo bẹ̀ wọ́n títí. Wọn ò gbà; wọ́n ní ọmọ àwọn tó kàwé ò lè fi irọ́ ránṣẹ́ sí àwọn.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, gbogbo yín ni mo jọ fi fídíò yẹn ránṣẹ́ sí lọ́jọ́ náà. Ta ló ti ń mu ún nínú yín? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.