Aṣọ Funfun Nínú Ilé Orí Táyà

Wọn kò tíì pe ìrun àárọ̀ ní Jídà nígbà tí Ṣùáíbù kan ilẹ̀kùn yàrá mi. Mo ti wọṣọ tán ní tèmi. Ta ló máa gbé ẹrù ẹlẹ́rù dání tí yóò sùn? Aṣọ funfun ìyá mi wà nínú báàgì mi, yáàdì méje, tí ó ti rà ní Ìwó láti ogún ọdún sẹ́yìn. Èrò rẹ̀ ni pé òun yóò gbé e lọ sí Mẹ́kà, òun yóò rì í sínú omi Sámúsámù, omi mímọ́ ibẹ̀, òun yóò sì gbé e padà wálé de ọjọ́ tí wọn yóò fi sin òun. Orúnkún rẹ̀ ni kò gbà á. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ gbéra, ó kó o lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ràmọ́tù, bí ẹsẹ̀ mi ò bá débẹ̀, kí aṣọ mi débẹ̀. Má jẹ̀ẹ́ kí nǹkankan ta sí i o." Aránṣọ ni mí, ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń fi aṣọ jẹun. Mo ní kí ó fọkàn balẹ̀.

Ọmọ àbúrò ìyá mi ni Ṣùáíbù. Jídà ni wọ́n bí i sí, èbúté ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n Lárúbáwá ni yóò fi dá ọ lóhùn. Nígbà tí mo jáde, mo bá ilé kan tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ má rò pé mò ń sọ àsọdùn: ó ní ilẹ̀kùn, fèrèsé mẹ́rin, ibùsùn méjì àti sítóòfù gáàsì, gbogbo rẹ̀ lórí táyà. Kàráfán ni wọ́n ń pè é. Mo bi í pé níbo là ń gbé e lọ. Ó ní, "Kàshtà," ìyẹn ìgbafẹ́ ẹ̀yìn ìlú, ó sì nawọ́ fóònù rẹ̀ sí mi, níbi tí wọ́n ti kéde pé òjò ń bọ̀ lórí àwọn òkè ẹ̀yìn Mẹ́kà. A fẹ́ lọ pàdé òjò ni.

Nílé wa, bí òjò bá ṣú, ẹni tó wà lóde á sáré wọlé, a ó kó aṣọ lórí okùn, a ó ti fèrèsé. Àwọn ará ibẹ̀, bí òjò bá ṣú, wọ́n á ti ilé wọn pa, wọ́n á gbé ìkòkò àti ẹní, ó di ẹ̀yìn ìlú. Mo rẹ́rìn-ín títí.

Ọ̀nà Mẹ́kà fẹ̀, kò sí kòtò kan ṣoṣo lójú rẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá dá wa dúró lẹ́ẹ̀kan, wọ́n wo ìkámà Ṣùáíbù, ìyẹn ìwé ìgbélùú rẹ̀, wọ́n wo ìwé ìrìnnà tèmi, wọ́n ní ká máa lọ. A ra tàmís, búrẹ́dì tó fẹ̀ tó àtẹ, pẹ̀lú fúùlù, ìyẹn ẹ̀wà tí wọ́n gún tí wọ́n da òróró lé. Ríyàlì mẹ́fà ni gbogbo rẹ̀, a sì yó. Ata nìkan ni kò sí níbẹ̀.

Kúdàì, àdúgbò kan ní Mẹ́kà, ni a ti lọ gbé Àlàájà Síkírá, ìyá Ṣùáíbù, àbúrò ìyá mi. Ogójì ọdún rèé tó ti bá ọkọ rẹ̀ wá sí ilẹ̀ Lárúbáwá tí kò padà wálé mọ́. Orí fóònù nìkan ni òun àti ìyá mi ti ń gbóhùn ara wọn. Nígbà tí mo tú aṣọ náà jáde, ó fọwọ́ pa á látòkè délẹ̀. Ó da omi Sámúsámù sínú ọpọ́n, àwa méjèèjì rì í, a ṣe àdúà sí i, a sá a sórí òrùlé. Ọjọ́ mìíràn, kí o tó mu tíì tán ni aṣọ á ti gbẹ níbẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ìkùukùu ti bo oòrùn. Ṣùáíbù ń fọn fèrè ọkọ̀ nísàlẹ̀. Àlàájà ní, "Fi í sílẹ̀ síbí, a ó bá a nígbà tí a bá dé."

Mo ní, "Rárá o, Àlàájà. Kò ní kúrò lójú mi." Mo ká a pẹ̀lú ọ̀rinrin, mo fi sínú ọ̀rá.

Nígbà tí a dé ibi tí a ń lọ, mo rí iyanrìn tó tẹ́jú láàrin òkè méjì, mo ní ká dúró síbẹ̀. Ṣùáíbù mi orí. Ibẹ̀ ni omi ń gbà sọ̀ kalẹ̀. Ó wa ọkọ̀ gun orí òkúta lọ, ó fi pákó há abẹ́ táyà kan kí omi orí òrùlé lè ṣàn sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ta tàpólì sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó tẹ́ ẹní sábẹ́ rẹ̀, ó gbé ọpọ́n ike síwájú ẹní. Bàtà ń gbé inú ọpọ́n, ẹsẹ̀ gbígbẹ nìkan ló ń wọlé. Ẹni tó bá gbé ẹrẹ̀ wọlé ni yóò nù ún. Mo ní màá gbé òfin yẹn lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi.

Òjò dé nírọ̀lẹ́. Àwọn àgbà ọkùnrin tí àwọn náà wá pàdé òjò sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ wọn, wọ́n dúró sínú òjò, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Àlàájà pẹ̀lú jáde, ó gbójú sókè.

Kí Ṣùáíbù tó lọ sùn nínú ọkọ̀ tirẹ̀, ó ṣí fèrèsé méjì ní ìwọ̀n ìka kan, ó ní ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bó ṣe kẹ́yìn sí wa ni mo tì í. Òjò ń rọ̀, ta ní ń ṣí fèrèsé? Mo ta okùn láti ìkangun dé ìkangun, mo sá aṣọ náà sí i, mo sì gbé ẹ̀wà ka gáàsì kí ooru rẹ̀ lè mú un gbẹ, bí a ṣe ń ṣe aṣọ ilé ìwé ọmọ nígbà òjò. Àlàájà kò bá mi wí, ọmọ Ìwó ni òun náà. Ẹ̀wà jinná, mo pa iná, a sọ̀rọ̀ ìyá mi títí oorun fi gbé wa lọ.

Láàárọ̀, Ṣùáíbù ṣí ilẹ̀kùn, dígí ojú rẹ̀ sì funfun lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni pé ìkùukùu bò ó. Omi ń ṣàn lára ògiri. Ìṣó òrùlé tó ti dípẹtà ń kán tó, tó, tó. Mo wo aṣọ ìyá mi, ojú mẹ́ta ti pọ́n lára rẹ̀ bí tíì. Inú mi bàjẹ́, mo jágbe mọ́ Ṣùáíbù pé, "Ilé rẹ ń jò! O mọ̀ pé ó ń jò, o ní ká sùn síbẹ̀!"

Ó fọwọ́ nu ògiri, ó wò ó. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tó fi Yorùbá dá mi lóhùn. "Kò jò, Àǹtí. Òjò kò wọlé. Èémí ẹ̀yin méjèèjì ni, àti ooru ìkòkò. Ẹ tì í mọ́lé, kò ríbi gbà jáde."

Ẹkún ni mo sun, kí n má purọ́. Àlàájà ní ká fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́. Mo ní ọṣẹ tó bá kó ìpẹtà, ṣé kò ní kó Sámúsámù mọ́ ọn? Ó ní ká ra òmíràn ní ọjà Bálàdì ní Jídà. Mo ní ṣé ti Bálàdì ni ìyá mi ti ń ká tó ń tú fún ogún ọdún?

Ṣùáíbù ṣí gbogbo fèrèsé, òjò ṣì ń ṣẹ́. Ó kó aṣọ ìnura lé wa lọ́wọ́, a nu ògiri látòkè wá sísàlẹ̀, à ń fún un síta. A gbé tìmùtìmù nàró kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀, a gbé abọ́ èédú sínú kọ́bọ́ọ̀dù kí ó fa ọ̀rinrin, a gbé sítóòfù jáde sábẹ́ tàpólì. Kò pẹ́ rárá tí ilé fi gbẹ, pẹ̀lú fèrèsé ní ṣíṣí, nínú òjò. Mò ń fọwọ́ kan ògiri léraléra, ó ń yà mí lẹ́nu. Aṣọ náà gbẹ lábẹ́ tàpólì. Àbàwọ́n náà dúró.

Mo dé Ìwó ní ọjọ́ Àlàmísì. Kí n tó jókòó, ìyá mi ti na ọwọ́. Ó tú aṣọ náà sórí itan, ìka rẹ̀ sì dúró lórí àwọn àbàwọ́n yẹn. Mo kúnlẹ̀, mo rò ó fún un, mi ò fi ọ̀kan bò.

Ó ní, "Síkírá sùn nínú ilé orí táyà náà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ̀gbẹ́ mi ni wọ́n sùn sí."

"Èémí rẹ̀ ló di omi yìí?"

"Tiwọn àti tèmi, mà."

Ó ká aṣọ náà díẹ̀díẹ̀ títí ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi wà lókè. Ó ní, "Ẹ má fọ̀ ọ́ o. Ibi tí ó ti kán sí yìí ni kí ẹ fi bò mí lójú."

Ó ní kí n gbé àpótí rẹ̀ wá. Mo tẹ́ aṣọ náà síbẹ̀, mo sì fi igi tín-ín-rín há ìdérí rẹ̀ lẹ́nu kí afẹ́fẹ́ lè máa wọ̀ ọ́.