Ẹ̀rọ Tí Mo Fi Ń Gba Wáyà Bàbá Mi

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, n kò sì ní bá yín jà. Bí ẹlòmíràn bá sọ ọ́ fún mi, màá ní kó lọ fi omi tútù bọ́jú. Nínú ilé wa ní Ìlá, èmi àti ìyá mi pa ẹnu mọ́ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan kí bàbá mi lè bá wa sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ wáyà títẹ̀ ni bàbá mi fi tọ́ mi. Nílé ìfìwéránṣẹ́, wọ́n á máa tẹ irin kékeré kan, kó, kó, kóóó, ọ̀rọ̀ ikú àti ti ìbí á sì ti ìlú kan dé òmíràn. Ọjọ́ ogbó ni àrùn rọpárọsẹ̀ gba ohùn lẹ́nu wọn, tó tún gba apá ọ̀tún. Ọwọ́ òsì kò gbà. Ó ń tẹ pákó bẹ́ẹ̀dì tọ̀sán-tòru. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú wọn, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Èmi olùkọ́ físíìsì bá ní ó parí. Mo yọ irin ìtẹwáyà wọn nínú àpótí, mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà kan tí kò ju páálí ìṣáná lọ, mo sì gbé irin náà sábẹ́ ọwọ́ òsì wọn. Mo kọ́ ọ kó máa wọn títẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kó mọ èyí tó kúrú yàtọ̀ sí èyí tó gùn, kó sì kọ lẹ́tà tí àpapọ̀ kúkúrú àti gígùn náà bá jẹ́ sójú rẹ̀. Ọwọ́ aláìsàn ń falẹ̀, nítorí náà mo mú kí ẹ̀rọ náà máa falẹ̀ tẹ̀ lé e. Mo sì ní kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ ní yàrá, kí ọkàn bàbá má baà pín.

Lẹ́tà mẹ́ta kan náà ló ń jáde. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á wò wá. Àwa náà á dákẹ́, a ó wo ẹ̀rọ. Wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀rọ rẹ ń ṣe bí àkùkọ tí kò mọ̀ ju ẹyọ igbe kan lọ," ni ìyá mi wí.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kó ronú."

"Ta ni? Bàbá ẹ, àbí páálí ìṣáná?"

Lọ́jọ́ kan, bàbá arúgbó kan tó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ bàbá mi nílé ìfìwéránṣẹ́ gun ọ̀kadà wá láti Ọ̀tan Ayégbajú. Bàbá mi ń sùn. Etí àlejò wa ti di pátápátá, kò lè gba wáyà mọ́, mo bá fi ìwé tí mo ń kọ lẹ́tà náà sí hàn án.

"Orúkọ ibùdó wa lórí wáyà nìyí!" ló pariwo. "Ọ̀gá ń pè. Kí lẹ fi dá wọn lóhùn?"

Mo mirí.

"Háà! Bí a bá pè tí ẹnìkejì ò jẹ́, a kì í sọ ọ̀rọ̀. A ó máa pè ni. Bàbá ẹ ń pè ọ́, o dákẹ́, ò ń wo ẹ̀rọ?"

Èmi tí mo ti fìyà jẹ ọmọ ilé-ìwé nítorí pé mo pè é, kò jẹ́! Àlejò wa kọ́ mi ní àmì méjì péré, "máa bá a lọ" àti "mo ti gbọ́", ó sì gun ọ̀kadà rẹ̀ padà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá mi pè. Mo na ọwọ́ sí irin, mo tẹ̀ ẹ́: máa bá a lọ. Ojú wọn là rekete. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Áà, wọ́n tẹ̀! Ọwọ́ tó ń wọ́lẹ̀ lánàá wá ń sáré bí ìgbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀rọ mi tí mo ti kọ́ ní ìlọ́ra kò lè bá a. Jágbajàgba ló ń kọ.

"Bàbá, ẹ rọra, ẹ jọ̀ọ́ sà."

Wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè. Ẹ̀rù bà mí pé bí mo bá dá wọn dúró, wọ́n lè má bẹ̀rẹ̀ mọ́. Bí ọwọ́ wọn bá ti sinmi díẹ̀, màá tẹ̀ ẹ́: máa bá a lọ, máa bá a lọ.

Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n tẹjú mọ́ mi. Mo tẹ̀ ẹ́: mo ti gbọ́. Wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan rẹ́rìn-ín, wọ́n ti irin náà sẹ́yìn, wọ́n kọjú sí ògiri.

Ìyá mi fà mí láṣọ. "Kí ni wọ́n sọ?"