Gíláàsì Tí A Kò Gbọdọ̀ Sọ̀ Kalẹ̀

Ara mi máa ń tètè gbóná. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ka ọ̀rọ̀ yìí tán kó wá máa ṣàánú mi. Ìyá mi ti rí i kí n tó lọ sílé ọkọ. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ìbínú rẹ á máa ṣáájú rẹ débi tí ò ń lọ." Mo fi rẹ́rìn-ín nígbà náà.

Tíṣà ni ọkọ mi. Ọmọ ilẹ̀ Yàgbà ni wá, ní Kogi, ṣùgbọ́n Kaduna ló dàgbà sí, ibẹ̀ náà ló sì ti kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ní Sabon Tasha tí à ń gbé, a ò lè jáde lọ ra búrẹ́dì kí a má gbọ́ "Sà! Sà!" lọ́tùn-ún lósì. Àwọn tó ti hu irùngbọ̀n, tó ti bímọ mẹ́ta, wọ́n á sáré wá kí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Á ṣe bí ẹni pé kò kàn án, ṣùgbọ́n mo mọ ọkọ mi, ó ń gbádùn rẹ̀ gan-an ni. Àràárọ̀ ló ń gé túbọ̀mu rẹ̀ níwájú dígí. Òun náà ló ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, lọ́jọ́ tí wọ́n bá sì fún ẹlòmíràn kà, kò ní jẹun ọ̀sán dáadáa.

Rọpárọsẹ̀ kọ lù ú láàárọ̀ ọjọ́ kan, ibi tó ti ń de bẹ́líìtì rẹ̀. Nígbà tá a fi kúrò nílé ìwòsàn, apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ti rọ, ẹnu ti wọ́ sápá òsì, itọ́ ń dà létè rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì ń lọ́ mọ́ra wọn lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ọmọ wa tó wá láti Abuja ò gbọ́ ohun tó ń sọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò gbọ́. Èmi nìkan ni mo ń gbọ́ ọ, nítorí ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n la ti jọ wà.

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mo ń wa ọkọ̀ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń na apá àti ẹsẹ̀ fún un. Ọ̀nà Kachia kì í jẹ́ kéèyàn sáré. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá níwájú, kẹ̀kẹ́ Màrúwá lẹ́yìn, ẹni tó bá sì dá ọkọ̀ wa mọ̀ á tẹ orí wo inú rẹ̀ pé Sà ńkọ́? Lọ́jọ́ kan nílé epo, obìnrin kan tó kọ́ níwèé rí yọjú sí wa láti kí i. Ó rí i. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ó ní, "Jésù! Sà!" ló bá bú sẹ́kún níbẹ̀ bí ẹni tó rí òkú. Ìgbà tí a délé, tí mo fà á bọ́ sílẹ̀, ni ọkọ mi ní òun ò jáde mọ́.

Mo rò pé eré ni. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ọ̀sẹ̀ kejì kọjá. Àwọn ìka ọwọ́ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í ká kò. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ pè mí lórí fóònù, ó ní bí kò bá wá, ẹsẹ̀ yẹn á gan, kò sì ní rìn mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bú u, mo sunkún. Nígbà tó yá ó ní, "Tíńtì." Mo ní kí lẹ wí? Ó ní kí n lọ fi tíńtì sí gíláàsì ọkọ̀, kí ẹnikẹ́ni má lè máa rí òun láti ìta, nígbà náà lòun á máa lọ.

"Haba! Ṣé àwa náà ti di olówó Ungwan Rimi ni? Kí ọlọ́pàá máa dá èmi ìyá arúgbó dúró kiri?"

Ó fi ìlàjì ẹnu rẹ́rìn-ín. Látọjọ́ tí àìsàn náà ti dé, n kò tíì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí n gbà nìyẹn.

Ẹnì kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kí n tó tẹ̀ síwájú. Télọ̀ ni, Mùsùlùmí, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Kaduna. Inú agboolé kan náà ní Kabala Costain lòun àti ọkọ mi ti dàgbà, wọ́n jọ lọ sílé ìwé, "Aboki," ìyẹn ọ̀rẹ́ lédè Hausa, ni wọ́n sì ń pe ara wọn. Èmi ń pè é ní Alàájì. Nígbà tí ìjà ẹ̀sìn dá ìlú yìí rú, tí oníkálukú ń sá lọ sáàárín àwọn tirẹ̀, àwa sá wá sí Sabon Tasha, òun dúró sí Kabala Costain, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀sẹ̀ tí kò wá wo Aboki rẹ̀. Kò sí aṣọ tí ọkọ mi wọ̀ tí kì í ṣe òun ló rán an.

Òun gan-an ni ọkọ mi ò fẹ́ rí jù. Bó bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu géètì, orí ló máa ń mì sí mi. Èmi ni mo ń jáde lọ purọ́. Dókítà ní kó má rí àlejò. Ó wà ní balùwẹ̀. Wọ́n ti gbé e lọ sí Abuja. Oṣù mẹ́jọ gbáko! Alàájì á ní, "To, ẹ bá mi kí i," á gbé ọsàn sílẹ̀, á lọ. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Ìyàwó wa, ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ jẹ́ kí n rí i. Kí ni mo ṣe fún un?" Mo wọlé lọ bi ọkọ mi pé kí ni ọkùnrin yìí ṣe? Ó ní bí gbogbo ayé bá káàánú òun, òun á fara dà á, ṣùgbọ́n tí Aboki bá wo òun bí obìnrin ilé epo yẹn ṣe wo òun, ayé òun ti tán nìyẹn.

Nítorí náà la ṣe lọ fi tíńtì sí ọkọ̀. Mo fi ìwé dókítà gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, mo sì bèèrè ibi tí wọ́n ti mọ iṣẹ́ náà ṣe, kì í ṣe àwọn tó ń ṣe é lábẹ́ igi. Wọ́n ní ilẹ̀kùn ńlá tí wọ́n ń tì mọ́ ọkọ̀, wọ́n sì da omi sílẹ̀ kí eruku má baà gbéra. Ọkọ mi jókòó sórí àga rọ́bà, ó kọjú sí ògiri, ó fa fìlà bojú. Ọ̀gá ibẹ̀, ọkùnrin Hausa kan tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, fi omi ọṣẹ fọ gíláàsì, ó fi bíléèdì ha á títí ó fi ń dún bí abọ́ tuntun. Ó tẹ́ tíńtì náà, rọ́bà dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, sójú gíláàsì níta, ó gé e ṣe wẹ́kú, ó wá fi ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ooru fẹ́ ẹ títí ó fi sún kì, tó bá bí gíláàsì ṣe tẹ̀ mu. Lẹ́yìn ìyẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú, ó ń ti omi abẹ́ rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀. Mo ń wò ó, mo ń gbàgbé ìbànújẹ́ mi. Ti ẹ̀gbẹ́ àti ti ẹ̀yìn ló ṣe. Ti iwájú, ó ní òfin ò gbà á, ọkọ mi sì ní kò burú, òun á da àga sẹ́yìn, òun á fa fìlà wálẹ̀.

Nígbà tó parí, ó fi sẹ́lótéèpù lẹ gbogbo bọ́tìnnì tí a fi ń sọ gíláàsì kalẹ̀. "Mama, kwana huɗu," ó na ìka mẹ́rin sí mi. Ọjọ́ mẹ́rin. Omi ṣì wà lábẹ́ rọ́bà náà, bí a bá sọ gíláàsì kalẹ̀ kó tó gbẹ, á bó, á ká jọ, kò sì ní ṣeé tún ṣe. Ọjọ́ Ajé nìyẹn. Mo mú òfin náà dání bí òfin Mósè.

Bá a ṣe ń lọ sílé lọ́jọ́ náà, mo gbọ́ tí ọkọ mi ń sọ̀rọ̀. Mo rò pé èmi ló ń bá wí. Kì í ṣe èmi. Ó ń kí àwọn èèyàn tó ń kọjá. Ó ń gbé ọwọ́ òsì sókè sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń pè wọ́n lórúkọ, àwọn tí kò lè rí i. Kò yẹ kí n tún máa wá ẹni tó máa sọ fún mi pé àárò àwọn èèyàn ń sọ ọkùnrin yìí.

Ní Ọjọ́rú, à ń bọ̀ láti ibi ìtọ́jú, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ dá wa dúró ní Kabala Costain, kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù Alàájì. Oòrùn mú. Ebi ń pa mí, ẹ̀yìn ń dùn mí, mo ti gbé ọkùnrin tó wúwo jù mí lọ gun àtẹ̀gùn lẹ́ẹ̀mejì. Mo bá rí Alàájì tó ń bọ̀ láàárín ọkọ̀, téèpù tó fi ń wọn aṣọ lọ́rùn rẹ̀. Nọ́ńbà ọkọ̀ ló dá mọ̀. Ó kan gíláàsì apá ọ̀dọ̀ ọkọ mi. "Aboki! Aboki, èmi ni!" Ó fi ọwọ́ méjèèjì ká ojú, ó fi imú kan gíláàsì, ó ń wá wa nínú òkùnkùn yẹn. Àwa rí i kedere. Mo rí òwú funfun tó lẹ̀ mọ́ irùngbọ̀n rẹ̀.

Mo rò pé ọkọ mi á fa fìlà bojú. Ńṣe ló ṣí i kúrò lórí. Ó ní, "Sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

Mo gbọ́ ọ. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó tún un sọ, itọ́ ń dà sórí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Mo ní, "Kí ni kí n sọ̀ kalẹ̀? Ó ku ọjọ́ méjì!" Ló bá na ọwọ́ òsì kọjá àyà, ọwọ́ kan ṣoṣo tó kù fún un, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná họ sẹ́lótéèpù tó wà lórí bọ́tìnnì. Etí sẹ́lótéèpù náà kan ti ń ṣí.

Mo gbá ọwọ́ náà. Ó dún. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ ní kẹ́nikẹ́ni má rí yín! Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń purọ́ kiri nítorí yín! Tẹ́ ẹ bá sì ba tíńtì yìí jẹ́, ẹ ò ní í rí ẹni gbé yín lọ síbì kankan mọ́. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́!" Ọwọ́ náà bọ́ sórí itan rẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń fọn fèrè, ọ̀nà ti là. Nígbà tí mo gbójú padà síwájú, Alàájì kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì mọ́. Mo wakọ̀ lọ.

Ilẹ̀kùn wà níbẹ̀. Ẹ má rò pé n kò tíì rò ó. Ọkùnrin oní-tíńtì ò sọ pé ká má ṣí ilẹ̀kùn. Kò sí ọjọ́ kan tí n kì í ṣí ilẹ̀kùn yẹn lọ́kàn mi.

Nígbà tá a délé, inú mi ti rọ̀. Mo ní, "Bàbá wọn, lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ mẹ́rin á pé. A ó lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo ṣèlérí." Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ mo fi áyọ́ọ̀nù lọ bùbá kan fún un, èyí tí Alàájì rán fún Kérésì. Mo gbé ẹ̀kọ mímu fún un, ó mu síbí méjì, ó wo iwájú, ojú rẹ̀ yí padà. Ẹ̀kọ náà ṣì gbóná nígbà tí ẹ̀mí bọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí àwọn èrò ti túká, Alàájì wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó jókòó tì mí. Ó wá ní, "Ìyàwó wa, lọ́jọ́ yẹn lójú títì, ṣé ó rí mi?"

Mo ní, "Ó ti sùn lọ, Alàájì. Kò rí yín." Irọ́ ti mọ́ mi lẹ́nu débi pé ohùn mi kò tiẹ̀ gbọ̀n.

Ó mi orí, ó ń yí tẹ̀sùbáà rẹ̀. Kò bínú. Ó ní, "Mo yí lọ sí iwájú ọkọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti wò yín. Mo rí ọwọ́ rẹ̀. Mo rí tiyín náà."

Ilẹ̀ ò lanu. Mo wólẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ní kó bú mi, kó sọ ohun tó bá fẹ́ sọ. Ó ní wallahi, kò sí ohun tí òun fẹ́ sọ. Oṣù mẹ́jọ lòun fi rò pé òun ti ṣẹ Aboki, àfi ìgbà tí òun rí i tó ń họ bọ́tìnnì yẹn. Ó ní òun rí ojú rẹ̀ bó ṣe rí, ẹnu rẹ̀ bó ṣe rí, kò sì yí nǹkan kan padà.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí mo fẹ́ gbọ́. Mo fẹ́ kí ọkọ mi ti mọ̀ kó tó kú pé ọ̀rẹ́ òun rí òun, kò sì sá. Bó bá mọ̀ bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé n kò gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo di etí agbádá Alàájì mú. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí ẹ wà níwájú níbẹ̀, ṣé ojú yín ṣe mẹ́rin? Ṣé ó wò yín?"

Ó wo ilẹ̀ títí. Ọkùnrin yẹn ò mọ irọ́ pa, ó wù mí kó mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ yẹn nìkan.

"Rárá, ìyàwó wa," ó ní. "Ẹ̀yin ló ń wò."