Òròmọdìyẹ Tó Rìn Ṣáájú Ẹ̀gbọ́n Mi

Igbe òròmọdìyẹ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ lọ, igbe tín-ín-rín tí kì í dákẹ́ yẹn, títí dòní ni mi ò lè gbọ́ ọ kí inú má bí mi. Àwọn ẹlòmíràn a gbọ́ ọ, àánú a ṣe wọ́n. Èmi, ṣe ni mo máa ń payín keke, nítorí bí mo bá ti ń gbọ́ ọ, ojú Bàbá Àgbà ni mo máa ń rí, àti ẹ̀rín tó rín lọ́jọ́ tó ba ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi jẹ́.

Mo rántí ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, tí mi ò tíì ríṣẹ́, tí mo jókòó ti ìyá mi nínú ilé wa ní Òkè-Ògbó. Bàbá mi ti kú. Bàbá Àgbà, tí í ṣe ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ni olórí ẹbí. Ilé tirẹ̀ kọjú sí tiwa, a kì í sì í se ọbẹ̀ kó má mọ irú ẹran tó wà nínú ìkòkò. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ń gbọ́ bùkátà ilé. Bírìkìlà ni, ẹni tó ń gun àkàbà láti àárọ̀ dalẹ́. Ọkọ̀ kan kọ lu ọ̀kadà tó gbé e bọ̀ láti Mọdákẹ́kẹ́, eegun ojúgun rẹ̀ sì ṣẹ́. Nílé ìwòsàn, wọ́n tò ó, wọ́n fi pí-ó-pì dì í, wọ́n ní kó fara balẹ̀. Kò tíì pẹ́ níbẹ̀ tí Bàbá Àgbà fi ariwo wọlé pé àwọn dókítà fẹ́ gé ẹsẹ̀ ọmọ òun. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un? Kò sẹ́nì kankan. Ó gbé e wálé, ìyá mi tí í ṣe opó kò sì lẹ́nu láti sọ pé rárá.

Ó lọ pe bàbá kan tó ń to eegun. Mi ò ní purọ́ mọ́ bàbá náà: ọwọ́ rẹ̀ rọ̀, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, kì í sì í ṣe òun ni mò ń bínú sí. Ó fi ọparun wẹ́wẹ́ di ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ó wá ní ká mú òròmọdìyẹ kan wá. Bí iṣẹ́ wọn ṣe rí nìyẹn. Wọn a dá adìyẹ lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá di ti aláìsàn, wọn a fi oògùn kan náà tọ́jú àwọn méjèèjì. Ọjọ́ tí adìyẹ bá fi ẹsẹ̀ náà rìn, wọn a ní kí aláìsàn dìde.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni adìyẹ ìyá mi pamọ. Inú abọ́ rọ́bà àtijọ́ kan ló ti sàba, abọ́ náà sì ń yọ̀. Èyí tó jáde kẹ́yìn nínú àwọn ọmọ náà kò lè dìde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan lọ sọ́tùn-ún, èkejì lọ sósì, ó sì fi àyà lélẹ̀ bí ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́. Ìyá rẹ̀ kó àwọn yòókù jáde, ó fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Bàbá Àgbà nàka sí i.

"Èyí tẹ́sẹ̀ ẹ̀ ti bàjẹ́ ńkọ́? Kí la tún fẹ́ dá òmíràn lẹ́sẹ̀ fún?"

Bàbá ato-eegun gbé òròmọdìyẹ náà, ó fọwọ́ tọ́ ọ wò. "Ẹ má bínú, Bàbá. Eegun èyí ò ṣẹ́. Yíyà lẹsẹ̀ ẹ̀ yà. Ọ̀tọ̀ ni tibí, ọ̀tọ̀ ni tọ̀hún."

"Ṣé ẹsẹ̀ kì í ṣe ẹsẹ̀ ni? Èmi ni mo ni ilé. Ẹ fi èyí ṣe é."

Ọkùnrin náà gbà nítorí pé Bàbá Àgbà jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Ṣùgbọ́n kó tó lọ sọ́dọ̀ àwọn aláìsàn rẹ̀ lábúlé, ó kìlọ̀ lójú gbogbo wa pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé ẹ̀gbọ́n mi dìde títí òun á fi padà dé. Gbogbo wa la gbọ́. Bàbá Àgbà gbọ́.

Èmi ni mo gba ìtọ́jú òròmọdìyẹ náà. Mo tẹ́ àkísà sínú páálí kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má bàa yọ̀ mọ́. Mo wò ó lórí fóònù bí wọ́n ṣe ń ṣe é, mo gé pílásítà tẹ́ẹ́rẹ́, mo fi so ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pọ̀, mo fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ láàárín kó lè fi dúró. Mo rọ omi gbígbóná sínú ìgò, mo fi aṣọ wé e, mo gbé e tì í bí ìyá. Mo ń fi orí ìka tọ́ omi sí i lẹ́nu, mo ń lọ àgbàdo kúnná fún un. Ìyá mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní, "Ìyá òròmọ, ṣé o ti fún ọmọ lọ́mú?" Inú mi dùn. Mo kàwé tán, iṣẹ́ ò sí, mo wá rò pé dókítà ni mí.

Kò pẹ́ rárá. Ẹsẹ̀ òròmọdìyẹ tí a bá tètè so kì í pẹ́ kó tó tọ́, nítorí eegun rẹ̀ ṣì rọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo tú pílásítà, mo gbé e sílẹ̀, ó ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ díẹ̀, ó dúró, ó sì sáré lọ bá àgbàdo. Mo pariwo bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. "Ó ti rìn o! Ẹ wá wò ó, ó ti rìn!"

Bàbá Àgbà ló kọ́kọ́ dé. Ó wo òròmọdìyẹ náà, ó rẹ́rìn-ín, ó pàtẹ́wọ́, ó ké sí gbogbo ilé. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá ohun tó máa fi hàn wá pé òun ló jàre àwọn dókítà. Ó kọjá lára mi, ó wọ yàrá ẹ̀gbọ́n mi, ó ní kó dìde.

Mo lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹsẹ̀ adìyẹ yẹn ò ṣẹ́ rí! Bàbá yẹn ní ká dúró de òun!"

"Ìwọ lo máa kọ́ mi? Ọ̀rọ̀ àgbà, bí ò ṣẹ láàárọ̀, á ṣẹ lálẹ́."

"Bàbá, ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni wọ́n fi dá Ilé-Ifẹ̀."

"Kúrò níwájú mi, aláfojúdi!"

Ó fi apá gbá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi wo ìyá wa, ìyá wa wolẹ̀. Òun náà fẹ́ rìn, ta ni kò ní fẹ́? Ó di èjìká Bàbá Àgbà mú, ó dìde. Bàbá Àgbà yọ èjìká rẹ̀. "Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ó rìn." Ẹ̀gbọ́n mi gbé ẹsẹ̀ kan. Mo gbọ́ ọ nígbà tó ṣẹ́. Ó dún bí ẹni dá igi gbígbẹ. Lẹ́yìn náà ni igbe rẹ̀ wá, òròmọdìyẹ mi náà sì ń ké nílẹ̀, nítorí ẹnì kan ti kọsẹ̀ lù ú.

A tún gbé e padà sílé ìwòsàn tí wọ́n ti gbé e kúrò. Wọ́n là á, wọ́n fi irin sí i. Ẹsẹ̀ náà kúrú ju èkejì lọ báyìí, ọ̀pá ló fi ń rìn, kò sì tún gun àkàbà mọ́. Bíríkì ló ń tà báyìí. Bàbá Àgbà ní àyànmọ́ ni. Àwọn kan nínú ẹbí tiẹ̀ sọ fún mi pé ká ní mi ò pariwo láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni. Mi ò gba ẹ̀bi yẹn. Mo wo adìyẹ sàn, mo yọ̀. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn? Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èyí tó wà lọ́jà tiwa, òun gan-an ló wọ́ ọ.

Òròmọdìyẹ náà dàgbà, ó di abo adìyẹ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ju gbogbo àwọn yòókù lọ. Mi ò lè pa á, mi ò sì fẹ́ràn láti máa wò ó. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń fún un lóúnjẹ.

Lọ́dún tó kọjá, Bàbá Àgbà yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ṣẹ́. Gbogbo wa sáré lọ bá a. Ó fi igbe bọnu: "Ilé ìwòsàn o! Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn mí! Ẹ gbé mi lọ bá dókítà!" Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Adìyẹ ọjọ́sí ti di ìyá ọlọ́mọ, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń jẹ̀ kiri lẹ́sẹ̀ mi. Mo bẹ̀rẹ̀, mo mú ọ̀kan, mo gbé e síwájú Bàbá Àgbà.

"Bàbá, ṣé ká dá èyí lẹ́sẹ̀?"

Ó yíjú sí ògiri. Ìyá mi gbá mi lẹ́yìn, ó ní, "Pa ẹnu ẹ mọ́!" Ẹ̀gbọ́n mi gba òròmọdìyẹ náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì tiro jáde lọ wá ọkọ̀ fún un.

Ìyá mi ní kí n dárí jì í, pé ẹ̀gbọ́n mi tó ni ẹsẹ̀ ti dárí jì í tipẹ́. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n Bàbá Àgbà ò tíì sọ ọ́ rí pé òun ṣàṣìṣe, inú mi ò sì tíì rọ̀. Nírọ̀lẹ́, mo máa ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà wa, mo máa ń wo òun àti ẹ̀gbọ́n mi lọ́ọ̀dẹ̀ òdìkejì. Ọ̀pá tí ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ lò ló wà lọ́wọ́ Bàbá Àgbà. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń kọ́ ọ. "Ẹ kọ́kọ́ gbé ọ̀pá, Bàbá. Ẹ wá gbé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín. Ẹ má kánjú, ẹ dúró ná." Bàbá Àgbà a sì dúró. Ó ti wá mọ bí wọ́n ṣe ń dúró.