Ràmọ́tà àti Láwàní Ọmọ Rẹ̀

Ní Ayépé tí wọ́n ti bí i, Yétúndé ni wọ́n ń pè é. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni, ọmọ ilé Ògún, ilé tí ajá kì í ti í darúgbó. Ọkọ ló sọ ọ́ di Ràmọ́tà. Ọkùnrin oníṣòwò aṣọ kan láti Ìjẹ̀bú-Òde ló yà wá ra àdá lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó tún yà wá ra ọkọ́, ó tún wá ra àdá mìíràn, títí ìyá Yétúndé fi bi í pé ṣé oko ìlú gbogbo ló ń ro ni. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ló ń wò. Mùsùlùmí ni ọkùnrin náà, láyé ìgbà tí mùsùlùmí Ìjẹ̀bú-Òde kò tíì pọ̀, tí wọ́n ń kírun nínú ọgbà ilé, tí wọ́n sì ń pe ìrun jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn.

Ọkọ yìí kò pẹ́ láyé. Ibà ló pa á, nígbà tí Mọ́rúfù, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pààrọ̀ eyín. Kí ó tó kú, ó di ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó ní òun ka kéwú dé ìdajì ni wọ́n gbé ẹrù lé òun lórí, ó sì ń dun òun dòní. Kí ó má jẹ́ kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ òun. Ràmọ́tà ní òun gbọ́. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kì í ṣe ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Òkú kò tíì tutù tán nílẹ̀ tí àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ fi dé. Wọ́n ní kéwú kì í kún ikùn, kí ọmọ wá máa bá àwọn ru aṣọ lọ sí ọjà Ẹ̀jìnrìn.

“Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ má bínú,” ni Ràmọ́tà wí lórí ìkúnlẹ̀. “Ẹrù tí ẹ fẹ́ gbé lé e lórí, ẹ gbé e lé mi.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn náà ni wọ́n ń rín lọ tí wọ́n fi gbé ẹrù lé e lórí lóòótọ́. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá jókòó nídìí òfì ní ilé, aṣọ ni yóò máa hun. Bí ó bá dìde, ọ̀nà Ẹ̀jìnrìn ni. Aṣọ ló ń rù lọ, iyọ̀ ló ń rù bọ̀. Àwọn ènìyàn máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé Ràmọ́tà ń kúrú sí i lọ́dọọdún. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó pa irọ́ náà ti rí ọrùn rẹ̀.

Mọ́rúfù ní tirẹ̀ wà ní ilé kéwú Alùfáà Gbàdàmọ́sí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan ni ilé kéwú yìí, tí àwọn ọmọ jókòó sí lórí ẹní, wàláà lórí itan, tí kálukú ń ké tirẹ̀ sókè tí aládùúgbò kò fi lè gbọ́ ara wọn. Fìlà ni Alùfáà ń rán jẹun. Bí abẹ́rẹ́ ti ń lọ lọ́wọ́ rẹ̀ ni etí rẹ̀ ń lọ láàárín àwọn ọmọ, bí ẹnì kan bá sì ṣi ibì kan kà, pàṣán ni yóò kọ́kọ́ dá a lóhùn. Inú rẹ̀ máa ń tètè gbóná. Ó máa ń tètè rọ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n pàṣán a ti débẹ̀ ṣáájú.

Ọjọ́ kan wà lọ́dún tí Alùfáà yìí kì í bínú, ọjọ́ náà ni ọjọ́ wálímọ̀. Lọ́jọ́ náà gbogbo ọmọ yóò jáde síta lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó kéré jù yóò ka Fàtíà, wọn yóò sì kó àkàrà lé e lọ́wọ́ méjèèjì. Ẹni tó bá ti dé Yásíìnì yóò gba fìlà tuntun tí Alùfáà fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán. Ẹni tó bá wá parí Kùránì, òun ni wọn yóò wé láwàní fún lójú gbogbo ènìyàn. Alùfáà sì ní àṣà kan tí kì í yẹ̀: ìyá ọmọ ni yóò mú láwàní wá, òun ni yóò kúnlẹ̀, tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi lé Alùfáà lọ́wọ́. Ó ní bàbá ló mú ọmọ wá, òun ló kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bọ́ ọ ló ni orí tí wọ́n fẹ́ wé.

Ọdọọdún ni Ràmọ́tà máa ń jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn obìnrin, tí yóò máa wo ìyá ọlọ́mọ bí ó ti ń kúnlẹ̀. Kì í jowú. Ó kàn máa ń wo ọwọ́ obìnrin náà, yóò sì wo ọwọ́ tirẹ̀. Kò bẹ Ọlọ́run fún ilé, kò bẹ̀ ẹ́ fún ọkọ mìíràn. Kí òun ṣáà fi ojú òun rí i níjọ́ tí wọ́n bá ń wé e fún Mọ́rúfù.

Nígbà tí ogun Ìjàyè ṣẹ̀ṣẹ̀ rọlẹ̀, tí ọ̀nà tún là, Mọ́rúfù parí. Ó ti di géńdé nígbà náà, irun ti ń yọ lábẹ́ imú rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ń há mọ́ ọn lọ́fun nígbà mìíràn. Wọ́n dá ọjọ́. Wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn mùsùlùmí Ìjẹ̀bú-Igbó. Ràmọ́tà kọ́kọ́ ní òun yóò hun láwàní náà fúnra òun, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ sì ní aṣọ tó máa ń hun nípọn, ọrùn ọmọ yóò wọlé sínú àyà. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Ó di ẹrù rẹ̀, ó ní òun ń lọ wá aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń ti Èkó dé Ẹ̀jìnrìn.

Ibẹ̀ ló ti ṣi nǹkan ṣe. Obìnrin tó máa ń ra iyọ̀ láìbojú wẹ̀yìn dé ìdí aṣọ funfun, kò mọ èyí tí yóò mú. Eléyìí kò funfun tó. Ìyẹn funfun, ṣùgbọ́n ó ní àbàwọ́n bíńtín létí. Ó lọ, ó bọ̀, ojú rí i, ọkàn kò gbà á, àwọn tí wọ́n jọ wá sì dá a dá ọjà, wọ́n lọ sílé. Nígbà tí ó rí èyí tó wù ú, tí ó sì yára gba ọ̀nà, wálímọ̀ ku ọ̀la, oòrùn sì ń wọ̀ bí ó ti dé bodè ìlú.

Ògúndèyí oníbodè mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó dìde fún un, ṣùgbọ́n kò kúrò lójú ọ̀nà.

“Ìyá Mọ́rúfù, ẹ kú àbọ̀ o. Ẹ ò ní lè kọjá ibí yìí.”

“Kí ló dé?”

“Àgbà ìlú kan papò dà láàárọ̀. Agogo ti lọ yíká. Orò ń jáde nísinsìnyí, ó di ìrọ̀lẹ́ ọ̀la kí obìnrin tó yọjú síta.”

“Bàbá, ọ̀la ni wálímọ̀ ọmọ mi. Bí mo bá sáré ńkọ́?”

“Bí ẹ bá sáré, ẹ óò dé ìdajì ọ̀nà,” ni Ògúndèyí wí. “Ìdajì ọ̀nà náà ni Orò ti máa ń pàdé èèyàn.”

Ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ fún un, ó sì fi í sínú yàrá lọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀, Adétóun. Ìyẹn bu oúnjẹ fún un. Oúnjẹ tutù sínú àwo. Nígbà tó yá, Ràmọ́tà bẹ̀rẹ̀ sí sunkún, kì í ṣe ẹkún ariwo, omi kàn ń bọ́ ni, Adétóun sì jókòó tì í. Ta ni kò ní bá a kẹ́dùn? Ẹ̀gbẹ̀rún ẹrù ló rù nítorí ọjọ́ kan, ọjọ́ náà sì wá dé, ilẹ̀kùn ló tì mọ́ ọn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ògúndèyí kanlẹ̀kùn. Ó ní bodè ti sé, iṣẹ́ kò sí fún òun lónìí. Bí nǹkan kan bá wà tí Ìyá Mọ́rúfù fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé, òun yóò bá a mú un lọ. Ojú Ràmọ́tà lọ sí ìdì aṣọ náà.

“Má mú un sílẹ̀,” ni Adétóun sọ fún un ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Bí láwàní ò bá sí, wọn ò lè wé nǹkan kan. Wọ́n á dúró dè ọ́.”

Òótọ́ ni. Ràmọ́tà rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Ó rí Mọ́rúfù lọ́kàn rẹ̀, tí ó jókòó láàárín àwọn àlejò Ìjẹ̀bú-Igbó pẹ̀lú orí òfìfo, tí àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ń wo ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n ń rín ẹ̀rín wọn.

“Bí mo bá dì í mú, torí kí n lè rí i ni,” ló dáhùn. “Ṣé èmi ni mo kéwú ni?”

Ó mú aṣọ náà, ó fi í sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ díẹ̀, ó sì nà án sí Ògúndèyí láti inú òkùnkùn yàrá. “Ẹ bá mi fún Alùfáà. Ẹ ní kí wọ́n máa ṣe é lọ.” Nígbà tí ìyẹn lọ tán, ó dùbúlẹ̀, ó sì kọjú sí ògiri.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilé kéwú, wọ́n sọ ọ́ fún un lẹ́yìn náà, wọ́n sì sọ ọ́ títí ó fi há a lórí. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọdé ti gba àkàrà wọn. Àwọn ọmọbìnrin tí kò lè jáde ti ka tiwọn láti inú yàrá. Àsíátù tó jẹ́ aṣáájú wọn ka Yásíìnì, ohùn rẹ̀ gba inú ilẹ̀kùn jáde gbọnrangandan, Alùfáà sì ti fìlà tirẹ̀ bọ abẹ́ ilẹ̀kùn fún un. Ìgbà náà ni Ògúndèyí dé pẹ̀lú láwàní. Ọjọ́ tí Alùfáà kì í bínú ni o, ṣùgbọ́n ó bínú.

“Ṣé ìwọ lo lóyún Mọ́rúfù?” ló bi oníbodè.

“Rárá o, Alùfáà.”

“Kí lo wá ń fi láwàní lé mi lọ́wọ́ sí?” Ó wọ bàtà rẹ̀. Ó ní kí gbogbo ọkùnrin dìde.

Ràmọ́tà kọ́kọ́ rò pé àlá ni òun ń lá. Ó gbọ́ ohùn àwọn ọmọ kéwú lókèèrè, wọ́n ń ké bí wọ́n ti ń rìn, ohùn náà sì ń pọ̀ sí i. Ó dìde jókòó. Ẹsẹ̀ pọ̀ lójú ọ̀nà. Lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn àgbàlagbà kan dún níwájú ilé, gbogbo rẹ̀ sì dákẹ́.

“Sàlàkọ́ nìyẹn,” ni Adétóun sọ. “Òun ni àgbà Orò apá ibí.”

“Alùfáà, níbo lẹ ń kó èrò lọ lónìí?” ni Sàlàkọ́ ń bi wọ́n.

“Mo ń mú ọmọ lọ bá ìyá rẹ̀.”

“Ilẹ̀kùn yìí ò ní ṣí. Mo tètè ń sọ ọ́, ká má baà jà.”

“Ta ló ní kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn? Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ń fẹ́. Kó fi ọwọ́ rẹ̀ nìkan gbé aṣọ fún mi.”

Ràmọ́tà sún mọ́ ilẹ̀kùn. Sàlàkọ́ kì í ṣe ènìyàn tí wọ́n ń bá ṣeré, ṣùgbọ́n ìyá ló bí òun náà.

“Ohun tí àwọn baba wa wí,” ló sọ nígbẹ̀yìn, tí ó ń fa ọ̀rọ̀ náà bí ẹni ń wọn ọtí, “ni pé obìnrin ò gbọdọ̀ fojú rí Orò. Ọwọ́ ò lójú. Ẹ ṣe kíá.” Wọ́n ní ó kẹ́yìn sí wọn, ó lọ dúró láàárín ọ̀nà, kí ẹnikẹ́ni má baà kọjá.

Ihò kan wà nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn yàrá náà tí adìẹ máa ń gbà wọlé. Ibẹ̀ ni Alùfáà ti aṣọ náà bọ̀. Ràmọ́tà gbà á, ó tú u, ó tún un ká dáadáa. Ó kúnlẹ̀ nínú òkùnkùn níbi tí kò sí ẹni tó ń wò ó bí kò ṣe Adétóun, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì nà án síta.

“Bìsìmílàhì,” ni Alùfáà wí, ó sì gbà á.

Ràmọ́tà ń gbọ́ bí aṣọ náà ti ń dún bí wọ́n ti ń wé e. Ó gbọ́ tí Mọ́rúfù bẹ̀rẹ̀ sí kà. Kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ohùn náà. Ó há lẹ́ẹ̀kan, ó sì tún là. Nígbà tí ó parí, wọ́n ṣe àmín, Sàlàkọ́ sì wúkọ́ níbi tó wà, ó ní ó dára, kí wọ́n máa lọ.

“Ìyá mi,” ni Mọ́rúfù wí lẹ́bàá ilẹ̀kùn. “Ó ti wà lórí mi.”

“Báwo ló ṣe rí?”

“Mi ò mọ̀, Ìyá mi. Mi ò lè rí i.”

Ó dùbúlẹ̀ gbalaja sínú eruku pẹ̀lú aṣọ tuntun lọ́rùn, ó sì gbé orí rẹ̀ sí ihò náà. Alùfáà Gbàdàmọ́sí tó máa ń na ọmọ tí aṣọ rẹ̀ bá kan ilẹ̀ ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ọwọ́ Ràmọ́tà jáde. Ó kan láwàní náà, ó tẹ̀lé ìṣẹ́po rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan yíká, ó sọ̀kalẹ̀ sí iwájú orí, ó sì dé ojú. Ó dúró níbẹ̀.

“Nu ojú rẹ, Mọ́rúfù,” ló sọ láti inú yàrá. “Àwọn èèyàn ń wò ọ́.”