Mo Pe Ìyá Ìjọ Sórí Òkè Yìnyín

Irínwó dọ́là ó dín mẹ́wàá ni mo ń ta wíìgì onírun gígùn, èyí tó bá dé ìdí. Oníbàárà á ní òun máa san igba. Màá ní kó lọ fi igba ra fìlà. Á jáde, á dé ẹnu ọ̀nà, á padà wá. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ṣe é ní Vickery Meadow. Ìwé mẹ́fà ni mo kà mọ, ṣùgbọ́n nínú àwọn nọ́ọ̀sì tó ń ra wíìgì lọ́wọ́ mi, mi ò tíì rí èyí tó mọ ọjà ná jù mí lọ ní gbogbo Dallas. Àfi ọmọ mi obìnrin, èmi náà ni mo sì kọ́ ọ.

Ọmọ yìí kàwé débi tí ìwé parí sí. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ní Plano, nínú ilé gíláàsì tí ẹnikẹ́ni kì í ti í làágùn. Ọjọ́ kan ló fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó ní òun fẹ́ máa mú àwọn ènìyàn gun òkè. Mo bi í pé ta ló ń lé wọn. Ó ní kò sẹ́ni tó ń lé wọn, pé ńṣe ni wọ́n ń sanwó fún òun. Ẹni tó ní mọ́tò, tí gas kún inú rẹ̀, ló ń sanwó kó lè fẹsẹ̀ rìn! Tí wọ́n bá bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kí lọmọ mi ń ṣe, màá ní ó wà lẹ́nu ìrìnàjò. Irọ́ kọ́.

Ó ti lo oṣù mẹ́jọ nídìí òkè gígun nígbà tí ilé iṣẹ́ Plano pè é pé kó padà wá. Wọ́n ní kó fèsì kí Mọ́ńdè kan tó kọjá. Sátidé tó ṣáájú Mọ́ńdè yẹn gan-an ló sì fẹ́ mú àwa obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì lọ gun òkè yìnyín. Látìgbà tí dókítà ti sọ fún ìdajì wa pé ṣúgà pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wa la ti ń rìn yí pápá kan po ní DeSoto láràárọ̀ Sátidé, ọmọ mi ló ní ká wá rin ìrìn gidi lẹ́ẹ̀kan.

Mo ní kó gba iṣẹ́ Plano. Ó ní rárá. Mo ní ó dáa, jẹ́ ká ná an.

"Tí ẹyọ ẹnì kan nínú àwọn obìnrin mi ò bá lè dé òkè, tàbí tí kò bá lè sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, wàá padà sí Plano."

"Tí gbogbo wọn bá lọ, tí wọ́n sì bọ̀ ńkọ́?"

"Mi ò ní sọ̀rọ̀ iṣẹ́ yìí fún ẹ fún ọdún kan."

"Mọ́mì, títí ayé."

Mo fi kún un, ó kọ̀, mo ní ọdún márùn-ún, ó gbé báàgì bíi pé ó fẹ́ jáde. Ọgbọ́n mi ló fi ń ná mi. Mo gbà fún un títí ayé. Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ yẹn, mo ti pe Ìyá Ìjọ lórí fóònù.

Ìyá Ìjọ ni àgbà gbogbo wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni, ó sanra dáadáa, orúnkún rẹ̀ sì máa ń dún bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi epo sí. Kì í gun àtẹ̀gùn tó ń rìn fúnra rẹ̀ ní mall. Ó ní àtẹ̀gùn tí kò lè dúró jẹ́ẹ́, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Kò bá wa rìn ní DeSoto rí. Mo sọ fún un pé ẹgbẹ́ kò ní gún láìsí òun. Ó ro ó, ó ní ẹni ọgọ́rin ọdún ni Mósè tó fi gun òkè, ó sì bi mí bóyá wọ́n ń ta aṣọ òtútù onírun nínú níbì kankan. Mo gbé e lọ rà á. Bẹ́ẹ̀ ni ìwà ìkà mi ṣe bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rín àti ọ̀yàyà.

Bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì gbé wa fún wákàtí mẹ́wàá lórí freeway dé New Mexico. Láàárọ̀ Sátidé, ọmọ mi so irin eléyín mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Ìyá Ìjọ, ó kúnlẹ̀ so tirẹ̀, ó wá gbójú sókè wò mí.

"Mọ́mì, mo mọ ìdí tí ẹ fi mú wọn wá."

Mo ní kí ó so ó dáadáa, kó má tú.

Ìṣirò mi ni pé ẹ̀yìn pátápátá ni Ìyá Ìjọ máa wà, èémí á gbé e, á ní ká máa lọ, òun á dúró dè wá nínú bọ́ọ̀sì. Ọmọ yìí ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ máa ṣíwájú wa." Ó parí. Nínú àwa méje tó kù, ta ló fẹ́ kọjá Ìyá Ìjọ? Nọ́ọ̀sì kan wà láàárín wa tó máa ń sáré fún ìgbádùn, ńṣe ló ń tẹ̀ lé e bí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ. Ìyá Ìjọ fúnra rẹ̀, pẹ̀lú odidi ẹgbẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ yíjú padà? Tó bá rìn díẹ̀, á dúró, á ní ká wo àwọn igi Olúwa. Gbogbo wa á wo igi. Nígbà tí oòrùn dé àtàrí, a ti wo igi débi pé a bára wa lókè.

Ahéré onípákó kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń ta tíì. Lẹ́yìn tíì, ọmọ mi to sléèdì sílẹ̀, ike pẹrẹsẹ kan bí ọpọ́n tí wọ́n fi ń wẹ ọmọ, tó ní okùn níwájú. Ẹni méjì lè jókòó lórí ọ̀kan. Àwọn obìnrin yòókù sọ̀ kalẹ̀ ní méjì méjì pẹ̀lú igbe Jésù. Ó ku Ìyá Ìjọ, èmi àti ọmọ mi.

Ìyá Ìjọ ní òun kò gun ike. Ọ̀nà ẹsẹ̀ sì ti le bíi dígí lábẹ́ afẹ́fẹ́ ọ̀sán, orúnkún rẹ̀ kò lè gbà á. Ọkọ̀ yìnyín kan wà tí wọ́n fi ń gbé ẹni tó bá ṣèṣe. Ó ní kí wọ́n fi ìyẹn gbé òun. Tí ọkọ̀ yẹn bá ti gbé e, mo ti jẹ nìyẹn. Mo fi sìkáàfù bo ẹnu kí wọ́n má rí eyín mi.

Ìyá Ìjọ bá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Kì í ṣe lílọ ló ń bà mí lẹ́rù," ó sọ ọ́ sí mi létí. "Ìdìde ni. Tí mo bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ báyìí, ibẹ̀ ni màá wà títí wọ́n á fi pe ọkùnrin wá fà mí. Mi ò tíì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láti ọdún mẹ́rin, mi ò sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀."

Èmi nìkan ló gbọ́ ọ. Tí mo bá gbé e mì, Plano dé.

Ọmọ mi wá bá wa. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ tirẹ̀, ó fi wọ Ìyá Ìjọ. Ó kúnlẹ̀ sínú yìnyín. "Màmá, tí ẹ bá fẹ́ ọkọ̀, màá pè wọ́n. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ ti gun òkè." Ó mú rédíò ọwọ́ jáde. Ó mọ iye tí ìpè yẹn máa ná òun, kò tiẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi. Bó ṣe máa ń kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé, tí mo máa ń rò pé eré ló ń fi ṣe, bẹ́ẹ̀ náà ló kúnlẹ̀. Òtútù ti sọ ìka rẹ̀ di pupa.

Mo ní, "Fi rédíò sílẹ̀. Màmá ò mọ bí wọ́n ṣe máa dìde ni."

Ìyá Ìjọ wò mí bí ẹni tó fẹ́ fọ́ mi létí. Mo ní kó má bínú, èmi náà kò mọ bí màá ṣe dìde, ká kúkú jọ lọ há síbẹ̀. Mo jókòó sẹ́yìn, a gbé e sí iwájú mi, ọmọ mi tì wá.

Mi ò lè ròyìn bí a ṣe dé ìsàlẹ̀, ojú mi dì. Mo kàn mọ̀ pé ẹnì kan ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ ọdún méje, kì í sì í ṣe èmi. Nísàlẹ̀, a dùbúlẹ̀ gbalaja nínú yìnyín. Ọmọ mi sáré dé, kò fà wá. Ó ní, "Màmá, ẹ yíra sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ fi orúnkún kan lélẹ̀. Ó yá, ẹ fọwọ́ lé èjìká mi." Ìyá Ìjọ dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó wo òkè, ó bèèrè bóyá a ṣì lè gùn ún lẹ́ẹ̀kan sí i. Èmi ni wọ́n wá fà dìde.

Ní Mọ́ńdè, ọmọ mi wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó pe Plano, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó ní òun kò bọ̀. Mo ń gbálẹ̀ mi lọ, àdéhùn ni àdéhùn. Àmọ́ oníṣòwò tó bá pàdánù gbọ́dọ̀ mọ iye tó pàdánù. Mo ní kó kàn sọ iye tí wọ́n fẹ́ máa san fún un lóṣù. Ó ní ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nìyẹn, mo ti ṣèlérí. Mo ní kó dákun. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ apá, ó sì sọ ọ́ fún mi lẹ́nu ọ̀nà: ẹgbẹ̀rún mẹ́fà dọ́là, ó lé irínwó àti méjìlá.