Jẹ́lé-ó-sinmi tó ń ṣíwọ́ láago méjìlá

Ẹ wá gbọ́ ìranù tí mo bá pàdé ní Lokoja lónìí.

Mo ń wá jẹ́lé-ó-sinmi fún ọmọ mi. Mo rí ọ̀kan tí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí ẹnu géètì rẹ̀ pé àwọn òbí tó ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Inú mi dùn. Mo kí madam tó ni ín bí àwa ará Kabba ṣe ń kí èèyàn: "Òkun o, mà."

Ó yínmú sí mi. "Gẹ̀ẹ́sì nìkan là ń sọ níbí."

Kò burú. Iye tí wọ́n ń gbà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé owó oṣù mi mì, mo tún ní kò burú. Mo wá béèrè ìgbà tí wọ́n ń ṣíwọ́.

"Aago méjìlá ọ̀sán."

"Ha! Aago mẹ́rin la ń kúrò ní ọ́fíìsì. Ta ni yóò wá mú ọmọ?"

"Ṣé ẹ ò ní ìyá ni?"

Kí ìyá mi máa wọkọ̀ láti Kabba wá lójoojúmọ́, àbí?

Nígbà tí mo kúrò níbi iṣẹ́, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí àdúgbò Kabawa, lọ́dọ̀ màmá kan tó jẹ́ ará Bunu, tó ń bá èèyàn tọ́jú ọmọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Owó tirẹ̀ kò pa ni lára. A ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi:

"Òkun o, Màmá! Ṣé ọmọ mi jẹun dáadáa?"

Mo yíjú. Madam Gẹ̀ẹ́sì-nìkan ni! Ó wá mú ọmọ tirẹ̀.

Mo ní, "Òkun o, mà. Ṣé ẹ ò ní iléèwé ni?"

Ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì bọ́ síta kíákíá. Ẹ̀yin ẹ dá mi lóhùn: ṣé mo ṣàṣejù?